Búlúù Inú Aṣọ Funfun

"Ọwọ́ òsì, màdáámù! Mo ní ọwọ́ òsì!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí aṣọ́nà pariwo bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Zéphyrine Loubat fi ìbàdí ti irin tí ń yí lẹ́nu ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún, tí irin náà sì kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Paríìsì nínú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi wọn ń tì, wọ́n ń fà, wọ́n ń kígbe pé kí obìnrin onífìlà pupa yẹn kúrò lọ́nà fáwọn. Kò kúrò. Obìnrin tó ti ń gbé agbọ̀n aṣọ tútù láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ta ni yóò tì í kúrò níbi tó bá dúró sí?

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọ̀gá," ni ó wí. "Àwòrán tèmi ni mo wá wò. Aṣọ mi ló wà nínú ẹ̀, orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ̀yìnkùlé ni n ó wá gbà wọlé lọ wo nǹkan mi ni?"

"Kí lorúkọ ayàwòrán?"

"Maugras. Évariste Maugras, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa."

Aṣọ́nà ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pa ìwé náà dé. "Kò sí Maugras níbí. Ọ̀tún ni ti àwọn tí ìgbìmọ̀ gbà wọlé sínú Ìpàtẹ Ńlá. Òsì ni ti àwọn tí ìgbìmọ̀ kọ̀, tí Kábíyèsí ní ká ṣáà gbé tiwọn náà kọ́, kí aráyé wá fojú ara wọn dájọ́. Maugras yín wà lọ́hùn-ún. Ẹ máa lọ, ẹ ó gbádùn ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tibẹ̀ jáde ló ń fọwọ́ di ìhà mú nítorí ẹ̀rín."

"Kọ̀?" ni Zéphyrine wí. "Wọ́n kọ ta ni?"

"Ìwọ ni wọ́n kọ̀, ọ̀rẹ́ mi," ni Philomène dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, ó sì fi fìlà bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ogún ọdún ni òun àti Zéphyrine ti jọ ń lu aṣọ lórí pákó kan náà ní ilé ìfọṣọ Batignolles, inú odidi ogún ọdún yẹn kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí Philomène jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ṣubú sílẹ̀ láì gbé e. Philomène yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí Zéphyrine fi àpò búlúù ìfọṣọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ Ìsinmi, inú àpò síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni búlúù ń gbé, torí Philomène mọ̀ ọ́n yá, kò mọ̀ ọ́n dá padà.

Àmọ́ kì í ṣe Philomène ló ń já Zéphyrine láyà. Obìnrin kejì tó wà lẹ́yìn wọn ni, èyí tó wọ dúdú látòkè délẹ̀, tó tín-ín-rín, tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Batignolles. Màdáámù Virlouvet nìyẹn, opó ará Normandy, ẹni tó ni ilé àlejò oníbẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Alágbàfọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ti padà sí abúlé lọ sinmi. Ó ń wá òmíràn. Àwọn méjì ló sì ń du iṣẹ́ náà: Zéphyrine, àti Ìyá Pécoul ní òpópónà kejì, tí aṣọ rẹ̀ máa ń rùn bí ẹja, bẹ́ẹ̀ ni Zéphyrine ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe Màdáámù Virlouvet wá. Ó ní, "Ẹ bá mi ká lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ wá wo bí aṣọ mi ṣe funfun tó. Ìjọba fúnra ẹ̀ ti gbé e kọ́ sára ògiri."

Ìjọba fúnra ẹ̀! Ilẹ̀ ìbá lanu, òun ìbá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé yìí kò gùn. Nínú oṣù Kẹta, Évariste sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó rọra kan ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ ya aṣọ tí Ìyá Loubat ń sá sórí okùn nínú ọgbà. Zéphyrine kọ́kọ́ rò pé orí ọmọ náà ti dàrú ni. Àwọn ayàwòrán tí òun ń gbúròó wọn, ọba ni wọ́n ń yà, tàbí ogun, tàbí ọmọge tí kò wọ aṣọ rárá. Ta ló ń ya aṣọ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà mọ́, ó sì máa ń bá a gbé agbọ̀n gun àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dáa, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí orúkọ òun wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, kí gbogbo oníbàárà tó bá dé ibẹ̀ lè mọ ẹni tó fọ aṣọ. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ; àmọ́ orúkọ rere tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kò lè mú iṣẹ́ wá.

Òwúrọ̀ mẹ́ta ni Évariste fi ya á. Òwúrọ̀ mẹ́ta náà ni wọ́n fi jà. Bí aṣọ bá ti gbẹ ni Zéphyrine ń ká a, Évariste á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀ ẹ́ láàárín ọgbà. "Ìyá Loubat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká a! Ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ni!"

"Aṣọ tó bá ti gbẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni," ni Zéphyrine máa ń dá a lóhùn, á sì ti fa aṣọ ibùsùn yọ lórí okùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Kò wo ohun tí ọmọ náà ń yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibo ló ti fẹ́ ráyè? Nígbà tó sì ráyè, Évariste ti fi aṣọ bò ó, ó ní ó dìgbà tó bá gbẹ.

Ẹ̀yìn àwòrán náà nìkan ni ó rí. Lóṣù Kẹrin, ó ń fọ àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ni Évariste gbé e padà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, ó kọ iwájú rẹ̀ sí ara, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta, lẹ́yìn ọ̀hún sì rèé, lára igi tí wọ́n fi na aṣọ àwòrán náà, létà R pupa ńlá kan. Zéphyrine kì í ka ìwé gígùn, àmọ́ kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò mọ létà. Òwú pupa ló fi ń kọ létà orúkọ oníbàárà sí igun aṣọ wọn láti ọgbọ̀n ọdún. Létà ni oúnjẹ rẹ̀. R! Ọ̀rọ̀ wo ló tún lè jẹ́? *Reçu*! Wọ́n gbà á! Ó ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ sílẹ̀, ó fẹnu ko Évariste lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fẹnu kò ó ti òsì, ó sáré jáde lọ sí ilé ìfọṣọ, kí ọ̀sán sì tó pọ́n, wọ́n ti ń mu wáìnì lórí pákó ìfọṣọ, wọ́n ń lu garawa, wọ́n ń kọrin orúkọ rẹ̀ bíi tọdún tí wọ́n fi í jọba àwọn alágbàfọ̀ níbi àríyá ọdọọdún wọn.

Kò sẹ́ni tó rántí pé *refusé*, "a kọ̀ ọ́", R kan náà ló wà níwájú òun náà. Évariste nìkan ló mọ̀. Évariste ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó sì tún gbé àwòrán náà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí àṣẹ tí Kábíyèsí pa, Zéphyrine ṣílẹ̀kùn fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kó rọra, kó má fi férémù gbá ògiri òun.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti Évariste ò tilẹ̀ lo oṣù méjì.

"Ṣé à ń wọlé ni, àbí à ń padà sílé?" ni Màdáámù Virlouvet bi í. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi kànga.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àmọ́ tí Zéphyrine bá padà sílé báyìí, Ìyá Pécoul yóò ti gbọ́ kó tó di alẹ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Fìlà ọdún tí wọ́n fi í jọba ni, òdòdó aláṣọ méje ló wà lára rẹ̀, márùn-ún ṣì dúró.

"À ń wọlé," ni ó wí, ó sì yà sí òsì.

Wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rín kí wọ́n tó rí àwòrán kankan. Ẹ̀rín ọkùnrin, ẹ̀rín obìnrin, ẹ̀rín ọmọdé tí wọ́n gbé sórí èjìká kó lè ríran. Àwọn èèyàn ń tọ́ka, wọ́n ń pe ara wọn láti iyàrá kan sí èkejì: "Ẹ wá wo eléyìí! Ẹ wá wo màlúù!" Lóòótọ́, màlúù kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò dọ́gba, Philomène sì dúró níwájú rẹ̀ títí omijé fi dé ojú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní eré orí ìtàgé ò tó o rárá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù náà ni èrò pọ̀ sí jù. Zéphyrine fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà, ó dé iwájú, ó gbójú sókè.

Ọgbà òun nìyẹn. Igi ṣẹ́rì tó wọ́ nìyẹn, ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn lẹ́nu rẹ̀, apá rẹ̀ lókè. Títí débẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n aṣọ! Aṣọ ibùsùn mẹ́rin lórí okùn, tí òun fi ọṣẹ, eérú àti ọwọ́ ara òun fọ̀, Évariste kùn wọ́n ní búlúù! Búlúù níhìn-ín, àwọ̀ elésè àlùkò lọ́hùn-ún, pupa rẹ́súrẹ́sú létí. Bí ẹni pé wọ́n nu ọwọ́ aláró sí i.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó dé fìlà gíga, tó sanra, tí ojú rẹ̀ sì ń dán, tẹ̀ síwájú, ó ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù fún gbogbo èèyàn: "*Aṣọ Fífọ̀ Ìyá Loubat, ní Batignolles.*" Ó yíjú sí èrò. "Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ yín di ojú ọ̀run, ẹ gbé e lọ fún Ìyá Loubat o! Bóyá yìǹkì ni ìyá náà fi ń fọṣọ!"

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọ́n rẹ́rìn-ín dé òrùlé. Philomène pàápàá, ọ̀rẹ́ burúkú, ó di èjìká Zéphyrine mú kó má baà ṣubú nítorí ẹ̀rín. "Yìǹkì!" ni ó ń wí. "Ó ní yìǹkì!"

Màdáámù Virlouvet nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé awò ojú olọ́wọ́ rẹ̀ sójú, ó sì ń wo àwòrán náà bí ó ṣe ń wo àwo ilé àlejò rẹ̀ bóyá ó sán. "Ṣé tiyín nìyí?" ni ó bi Zéphyrine.

Zéphyrine fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fọṣọ, kò sẹ́ni tó tíì rí àbàwọ́n lára aṣọ rẹ̀ rí. Lónìí, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ aláwọ̀ búlúù, gbogbo Paríìsì sì wá kà á. Bẹ́ẹ̀ òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ orúkọ òun. Òun fúnra òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo rẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Évariste. Ọmọ náà fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó fi fìlà ọwọ́ rẹ̀ bo imú, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ.

"Màá bá ẹ sọ̀rọ̀," ni Zéphyrine wí, ó sì kọjú sí férémù. Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀: ìwé pélébé yẹn. Kí àwòrán dúró, kí màlúù dúró, kí Kábíyèsí máa ṣe ohun tó bá wù ú, àmọ́ orúkọ òun ń tẹ̀ lé òun lọ sílé. Ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́, ó na ọwọ́ sí i, ó sì ti fi èékánná gbé igun ìwé náà sókè.

Ibẹ̀ ló ti rí aṣọ náà ní ìtòsí. Kì í ṣe pé Évariste kùn ún ní búlúù láti òkè dé ilẹ̀. Ó ń fi í lé e ni, ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, láàárín ọ̀dà funfun, díẹ̀díẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń fi tirẹ̀ sómi aṣọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí òjìji igi ṣẹ́rì bọ́ sí, ló pọ̀ jù. Níbi tí oòrùn ti là á kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Aṣọ́nà mìíràn ń bọ̀ láti ìkángun iyàrá, ó ń pariwo pé ẹ má fọwọ́ kàn án, màdáámù. Zéphyrine fi ìwé sílẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan, méjì, mẹ́rin, títí ó fi fẹ̀yìn gbá Màdáámù Virlouvet. Ó fẹ́ yíjú padà láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ojú rẹ̀ sì tún bọ́ sára àwòrán náà.

Ó funfun.

Láti ibi tó dúró sí yìí, aṣọ náà funfun báláú. Ó funfun ju ògiri lọ. Ó funfun ju aṣọ ọmọge tó ń sunkún lórí òkú ẹyẹ nínú àwòrán tó wà lápá ọ̀tún lọ, èyí tí ayàwòrán rẹ̀ fi ọ̀dà funfun gidi kùn láìfi nǹkan kan sí i, tó sì rí bí wàrà àná. Zéphyrine tún súnmọ́ ọn: búlúù. Ó tún padà sẹ́yìn: funfun. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn èèyàn ti ń wo obìnrin onífìlà olódòdó márùn-ún tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò síkẹ́ẹ̀tì lọ fúnra rẹ̀. Ó bá àpò kékeré náà níbẹ̀, líle, ribiti, bó ṣe máa ń wà.

"Háà," ni Zéphyrine wí. "Ọmọ yìí! Ọmọ yìí rí mi!"

"Ta ló rí yín?" ni ọ̀gbẹ́ni onífìlà gíga bi í, ó ṣì ń fọwọ́ nu ojú.

Zéphyrine yíjú sí i. Ó wò ó láti orí dé ọrùn, ó dúró níbi ọrùn. Bí alágbàfọ̀ ṣe ń wo èèyàn nìyẹn. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ wò, orúkọ ẹni á tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "ta ló ń bá yín fọ ṣẹ́ẹ̀tì?"

"Ìyàwó mi ni. Kí ló dé?"

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ ní Ìyá Loubat ti Batignolles ló ní kí ẹ kí wọn." Ó fa áńkáṣíìfù yọ látinú apá aṣọ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n kó ṣí, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọ̀gbẹ́ni náà, pẹ́kípẹ́kí. "Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó. Èwo ló funfun?"

Àwọn èèyàn na ọrùn. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́, kò sí ẹ̀gbin lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńkáṣíìfù yẹn, ó ní àwọ̀ eyín ẹṣin.

"Tiyín ni!" ni ọmọ orí èjìká pariwo.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Funfun niyì eyín, funfun niyì aṣọ. Ọṣẹ nìkan ni màdáámù wọn ń fi fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ń mú ẹ̀gbin kúrò, kì í mú kí aṣọ funfun. Tó bá yá, aṣọ á pọ́n. Ẹ mọ ohun tó wà nínú tèmi?" Ó yọ àpò kékeré náà jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo iyàrá lè rí i. "Búlúù! Ẹ bi gbogbo alágbàfọ̀ tó wà níbí. Inú omi ìkẹyìn ni mo máa ń rẹ ẹ́ sí títí omi á fi dà bí ojú ọ̀run, kí n tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Kò sí aṣọ funfun kan ní Paríìsì tí kò ní búlúù nínú. Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i. Èmi tí mo ń fi í síbẹ̀ gan-an, mi ò rí i mọ́. Ọmọ yẹn rí i!"

Ó tọ́ka sí òpó. Gbogbo ojú yí sí Évariste, Évariste sì yọ fìlà kúrò lójú torí kò sí ibòmíràn tó kù láti sá sí.

Ẹ̀rín tún bú, àmọ́ ó ti yí ibùgbé padà. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín báyìí. Ọ̀gbẹ́ni náà fọwọ́ bo ọrùn, ó wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín títí fìlà gíga fi fẹ́ já bọ́. "Wọ́n ti mú mi," ni ó wí. "Màdáámù, ibo gan-an nilé yín wà ní Batignolles?" Àwọn kan ń padà sẹ́yìn, wọ́n ń súnmọ́ iwájú, wọ́n ń ṣe bí Zéphyrine ti ṣe. Àwọn mìíràn kàn gbọn orí, wọ́n ní ìranù ni, wọ́n padà sọ́dọ̀ màlúù.

Màdáámù Virlouvet ò tíì sọ awò rẹ̀ kalẹ̀.

"Aago mẹ́jọ àárọ̀," ni ó wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, oṣù Kẹta, tí òjò ti rọ̀ lóru. Nílé ìyá mi, ìgbà yẹn la máa ń sáṣọ. Èmi ni mo máa ń di apá kejì mú." Ó wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rọra ti awò náà pa, ó fi sínú àpò. "Láti ìgbà tí mo ti dé Paríìsì, mi ò rí àwọ̀ yẹn mọ́. Mo rò pé ibẹ̀ nìkan ló wà."

Zéphyrine súnmọ́ ọn. Ó kàn na áńkáṣíìfù náà sí i, Màdáámù Virlouvet gbà á, ó fi nu imú rẹ̀ bí ọkùnrin, ó tún di ara rẹ̀ padà.

"Ẹ wá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n lọ́la," ni ó wí. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹ má sì dín búlúù yẹn kù nítorí àtijẹ èrè o. Mo máa mọ̀."

"Ẹ ó mọ̀!" ni Zéphyrine wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di Philomène mú, ó mì í jìgìjìgì. Lẹ́yìn náà ló rántí. "Évariste! Máa bọ̀ níbí."

Ọmọ náà dé, orí rẹ̀ nílẹ̀. "Mà."

"R yẹn."

"Ìyá Loubat, kí n tó la ẹnu, ẹ ti fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ ti dé ilé ìfọṣọ. Mo tẹ̀ lé yín, mo fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ti gbé ife wáìnì lé mi lọ́wọ́. Gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́ fún mi." Ó gbé ojú sókè díẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí."

Zéphyrine na ọwọ́, ó sì fọwọ́ gbá a lórí pẹ́rẹ́, irú èyí tí kò lè pa kòkòrò. "Tìẹ ti bà jẹ́. Oṣù kan gbáko lo fi jẹ́ kí n máa yangàn! Mo sọ fún alápatà, mo sọ fún àlùfáà! Kí ni n ó wá sọ fún wọn báyìí?"

"Sọ fún wọn pé R ni," ni Philomène dá sí i. "Irọ́ kọ́."

Wọ́n rìn padà sílé ní Batignolles, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú sọ́séèjì lójú ọ̀nà. Màdáámù Virlouvet yà níbi ibùdókọ̀ ojú irin láì dágbére ju kó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wọ inú ọgbà. Aṣọ tí Zéphyrine sá láàárọ̀ kó tó jáde ṣì wà lórí okùn, ó ti gbẹ táútáú, ó yẹ kó ti wà nínú agbọ̀n láti ọ̀sán. Ó bọ́ fìlà, ó fi kọ́ sára igi ṣẹ́rì, ó ká apá aṣọ sókè, ó yọ ẹ̀mú àkọ́kọ́, ó fi há ẹnu bó ṣe máa ń ṣe. Ó na ọwọ́ sí ìkejì.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

Philomène ti gbé agbọ̀n dé. "Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́ ni?"

Zéphyrine tẹjú mọ́ aṣọ náà. Láti ọgbọ̀n ọdún, àbàwọ́n ló ń wá lára aṣọ. Bí kò bá sí àbàwọ́n, á ká a, á kó o lọ. Kò tíì wo èyí tó mọ́ rí. Òjìji igi ṣẹ́rì ti bọ́ sára aṣọ ibùsùn kejì, búlúù lójú rẹ̀ kedere, bí ẹni pé omi ìkẹyìn kò tíì gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Létí ibẹ̀, níbi tí oòrùn àṣálẹ́ ń kọjá, ó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó sì ń yí. Bí ó ṣe ń wò ó yìí gan-an, ó ń yí.

Ó yọ ẹ̀mú kúrò lẹ́nu.

"Évariste!" ni ó pè sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Évariste Maugras! Gbé ọ̀dà ẹ sọ̀ kalẹ̀, yára!"

Fèrèsé ṣí lókè, orí ọmọ náà yọ, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọgbà, ó wo okùn, ó sì pòórá. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbì, gbì, gbì.

"Ìrì máa tó sẹ̀," ni Philomène wí. "Aṣọ ẹ tún máa tutù. Ìwọ lo sọ ọ́ fún wa lójoojúmọ́ ayé pé aṣọ tó bá ti gbẹ..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Zéphyrine fi ẹ̀mú náà padà sórí okùn, ó fà á wò bóyá ó dúró dáadáa, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́.